Ìlà àwọn ọmọ kíláàsì mi kì í pàdé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àǹtí Pákó:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní kíláàsì pákó tí mò ń ṣe ní gbogbo Sátidé ní Abẹ́òkúta níbí. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá ni mo ní, àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ parí JSS3, àwọn kan ti bímọ mẹ́ta mẹ́rin, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó di ayùn mú rí nínú wọn kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fún wọn ni àpótí ìjókòó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, igi 2 by 2 la fi ń ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀.

Ìlà ló ń dà wá láàmú. Wọ́n á wọn ínṣì 14, wọ́n á fi skúẹ́à, irinṣẹ́ tó rí bí L tí a fi ń fa ìlà tó gún, fàlà sí ojú kìíní, wọ́n á yí igi, wọ́n á tún fà á sí ojú kejì, wọ́n á yí i, wọ́n á fà á sí ìkẹta, tí wọ́n bá fi máa dé ojú ìkẹrin, ìlà ìparí ò ní pàdé ìlà ìbẹ̀rẹ̀ mọ́, á fi bíi one over eight jìnnà sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n á ṣe gé e. Ẹsẹ̀ kan á gùn, ìkan á kúrú, àpótí á máa mì, wọ́n á wá máa gé èyí tó gùn díẹ̀díẹ̀ kó lè bá àwọn yòókù dọ́gba, tí wọ́n bá fi máa ṣe tán ọmọ ọdún mẹ́ta nìkan ló lè jókòó lé e.

Mo ti ra skúẹ́à tuntun mẹ́fà. Mo ti pariwo "ẹ fara balẹ̀" títí ohùn mi fi há. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọbìnrin kan bú sẹ́kún, ó ní ọwọ́ òun ò dáa fún iṣẹ́ yìí, ó sì dùn mí wọra torí òun gan-an ló ń fara balẹ̀ jù nínú wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ ènìyàn níṣẹ́ rí, báwo lẹ ṣe ń kọ́ wọn ní ìlà?

Káfíńtà Bódìjà:

Àǹtí, pẹ́ńsùlù wọn ńkọ́? Ẹ wo ẹnu ẹ̀ kí ẹ tó wo nǹkan mìíràn. Pẹ́ńsùlù tó ti kú lẹ́nu, ìlà tó máa fà lè nípọn tó mìlímítà kan, ibo ni ayùn fẹ́ gbà nínú ẹ̀? Àwọn ọmọ máa ń gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ tí wọ́n á fi lò ó dọ̀la. Kí kálukú ní sáńpépà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tó bá ti fa ìlà mẹ́rin márùn-ún kó fi ẹnu pẹ́ńsùlù ha á. Tó bá jẹ́ èyí pẹlẹbẹ tàwa káfíńtà ni, kí wọ́n gbẹ́ ẹnu ẹ̀ kó pẹlẹbẹ bí ẹnu ìfági, kì í ṣe kó rí róbótó.

Ọ̀bẹ ló dáa jù ṣá. Bíléèdì tí wọ́n ń tà lọ́jà yẹn tó, ẹ fún wọn. Ìlà ọ̀bẹ ò nípọn rárá, ẹnu irinṣẹ́ á sì jókòó sínú ẹ̀.

Bàbá Olóòlù:

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Ọdún 1979 ni bàbá mi mú mi lọ sẹ́nu iṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, oṣù mẹ́ta gbáko ni ọ̀gá mi ò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan téèpù. Ìlà tí òun bá fà ni mò ń gé, mò ń gé, igi tí kò wúlò ni ó máa ń kó jọ fún mi, mo gé e títí ojú mi fi mọ bí ìlà tó dáa ṣe rí kí n tó fà tèmi. Ẹ̀yin ayé ìsinsìnyí ẹ fẹ́ kí ọmọ wọn, kó fàlà, kó gé, kó kàn án pọ̀ ní Sátidé kan ṣoṣo. Ya iṣẹ́ yẹn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún wọn.

Mi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ tí Káfíńtà sọ yẹn o. Ẹni tí ò tíì mọ pẹ́ńsùlù í lò, tó bá fi ọ̀bẹ fa ìlà tó wọ́, kò ṣeé pa rẹ́ mọ́, ó ti wọnú igi lọ nìyẹn. Gbogbo òrùlé tí mo ti kàn láyé mi, pẹ́ńsùlù ni, àti okùn tí a fi èédú pa, tí a nà tantan, tí a wá fà sókè tí a jù ú sílẹ̀ kó tẹ ìlà sára igi.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ kí o yẹ̀ wò ni téèpù wọn. Èyí tí irin ẹnu ẹ̀ bá ń mì, fi òòlù lù ú kó dúró gírígírí. Òun ló ń purọ́ fún wọn.

Tíṣà Tẹ̀kì:

Bàbá, ẹ kú àgbà, ẹ dákun ẹ má bínú sí mi. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má lu irin téèpù yẹn mọ́lẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó máa mì ni. Tí ẹ bá fi kọ́ etí pákó tí ẹ fà á, irin yẹn á sún síta; tí ẹ bá tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ tàbí ara ògiri, á sún wọlé; bó ṣe ń sún tó yẹn ló ṣe déédéé bí irin ọ̀hún ṣe nípọn tó, kí òǹkà lè bẹ̀rẹ̀ síbi tó yẹ nínú méjèèjì. Tí wọ́n bá kàn án mọ́lẹ̀, ọ̀kan nínú méjèèjì á máa ṣìnà títí téèpù yẹn á fi bàjẹ́. Ohun tó ń ba téèpù jẹ́ lóòótọ́ ni kó já bọ́ látorí tábìlì kí irin ẹnu ẹ̀ tẹ̀. Tí ẹ ò bá fọkàn tán an, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n látorí 1 dípò ẹnu ẹ̀. Kí gbogbo èèyàn tó ń ṣe àpótí kan náà sì lo téèpù kan náà, torí téèpù méjì kì í sábà bára wọn mu délẹ̀délẹ̀.

Ó ti lé lọ́dún 15 tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní woodwork ní ilé ẹ̀kọ́ tẹ̀kì, ohun tí Àǹtí sọ yìí, mo máa ń rí i ní gbogbo ọdún. Wọ́n ń yí igi káàkiri, ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fàlà sí ni wọ́n ń gbé skúẹ́à tì láti fa ti ojú tó kàn. Ìyẹn ni pé ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n fi ṣe ẹlẹ́rìí, bẹ́ẹ̀ ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò tọ́ bákan náà. Ẹlẹ́rìí méjì péré ni kí wọ́n ní. Kí wọ́n yan ojú tó tẹ́jú jù, kí wọ́n fi pẹ́ńsùlù sàmì sí i. Kí wọ́n wá yan etí kan, ìyẹn ojú ẹ̀gbẹ́, tó bá ojú yẹn ṣe igun tó gún, kí wọ́n sàmì sí òun náà. Àwọn méjì yìí nìkan ni orí skúẹ́à, apá ẹ̀ tí a ń tì mọ́ igi, gbọ́dọ̀ fara kàn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tí ẹ bá fẹ́ fàlà sí ojú, ẹ ti orí skúẹ́à mọ́ etí tẹ́ ẹ sàmì sí. Tí ẹ bá fẹ́ fàlà sí etí, ẹ tì í mọ́ ojú tẹ́ ẹ sàmì sí. Tó bá kan ẹ̀yìn igi, etí yẹn náà lẹ tún máa tì í mọ́. Tó bá kan etí kejì, ojú yẹn náà ni. Tí wọ́n bá ṣe báyìí ìlà á pàdé, mo lè búra.

Ìyá Ìbejì:

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ náà sọ tèmi. Ọmọ ọdún 47 ni mí, oṣù kẹjọ rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ pákó.

Tíṣà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú "ẹ wọ̀n ọ́n látorí 1" yẹn fẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n kọ́ èmi náà bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí 1, mo sàmì sórí 14, mo gé e, ó di 13. Mo ti gé ẹsẹ̀ mẹ́ta bẹ́ẹ̀ kí n tó mọ̀. Tó bá di dandan kí wọ́n ṣe é, orí 10 ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, torí tó bá fi 10 dín, ojú á tètè rí i pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Ohun tó la èmi lójú ni bí mo ṣe ń gbé skúẹ́à sórí àmì. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sàmì, màá gbé skúẹ́à sórí ẹ̀, màá wojú ẹ̀ dáadáa pé ó ti bọ́ síbẹ̀, màá wá fi pẹ́ńsùlù fà á. Pẹ́ńsùlù náà nípọn, nítorí náà ìlà mi kì í bọ́ sórí àmì, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló máa ń bọ́ sí. Obìnrin kan tá a jọ ń kọ́ṣẹ́ ló sọ fún mi pé kí n kọ́kọ́ fi ẹnu pẹ́ńsùlù sórí àmì náà, kí n má mú un kúrò, kí n wá rọra sún skúẹ́à wá títí á fi kan pẹ́ńsùlù, kí n tó fàlà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìlà mi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ síbi tó yẹ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí igi sí ojú tó kàn, ohun kan náà ni, ẹnu pẹ́ńsùlù sí ibi tí ìlà àkọ́kọ́ parí sí ní igun igi, ẹ wá sún skúẹ́à wá bá a.

Àmì náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi tóótó kan ṣe é tàbí kí wọ́n fa igi kúkúrú kan. Ẹsẹ̀ adìẹ ni kí wọ́n yà, kí ẹnu ẹ̀ ṣóńṣó síbi tí ìwọ̀n wà gan-an. Tóótó máa ń sọnù, igi kúkúrú kì í dúró ṣánṣán, èèyàn ò wá ní mọ̀ orí ẹ̀ ni àbí ìdí ẹ̀.

Àǹtí, ẹ tún bi àwọn àgbà inú kíláàsì yín léèrè pé ṣé wọ́n ń rí òǹkà téèpù. Èmi ò rí i. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Laini kékeré one over sixteen yẹn, ńṣe ni mò ń méfò. Ọjọ́ tí mo ra awò ìkàwé ni mo mọ̀ pé ọwọ́ mi ò ṣe nǹkankan.

Ará Peckham:

Ẹ kú ilé o. London ni mo wà, kíláàsì alẹ́ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ pákó tèmi, mìlímítà la fi ń wọn nǹkan níbí ṣùgbọ́n igi ò mọ̀yàtọ̀.

Ohun tí Tíṣà sọ dáa, ṣùgbọ́n ibì kan wà níbẹ̀ tó lè tan Àǹtí jẹ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí Àǹtí sọ. Ojú mẹ́rin ni wọ́n fà, ìlà ìparí fi one over eight jìnnà sí ti ìbẹ̀rẹ̀. Pín ìyẹn sí mẹ́rin, ojú kọ̀ọ̀kan fi one over thirty-two ṣìnà, lórí igi tí kò fẹ̀ ju ínṣì 2 lọ. Ìbéèrè mi rèé: ṣé apá kan náà ni ìlà ìparí máa ń bọ́ sí ní gbogbo ìgbà? Tó bá jẹ́ pé nígbà mìíràn ó máa ń lọ sọ́tùn-ún, nígbà mìíràn sósì, ọwọ́ ni. Tó bá jẹ́ apá kan náà lójoojúmọ́, ẹ má dá ọmọ kankan lẹ́bi, skúẹ́à ni kò dáa. Ọwọ́ kì í ṣe àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra, irinṣẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí skúẹ́à bá sì wọ́, tí ẹ wá ń lo ẹlẹ́rìí méjì bí Tíṣà ṣe sọ, ìlà máa pàdé o. Ó máa pàdé dáadáa, inú yín á dùn, ṣùgbọ́n orí igi á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí àṣìṣe yẹn lọ láti igun kan sí igun tó kọjú sí i ní ojú méjèèjì bákan náà, wọ́n wá jọ pàdé lọ́hùn-ún. Ìlà tó pàdé ò túmọ̀ sí pé igi máa gún. Kí ẹ tó fi ẹlẹ́rìí méjì kọ́ wọn, ẹ dán skúẹ́à wò.

Bí wọ́n ṣe ń dán an wò rèé. Ẹ wá pákó tí etí ẹ̀ tọ́ dáadáa. Ẹ ti orí skúẹ́à mọ́ etí náà, ẹ fa ìlà kan. Ẹ wá yí skúẹ́à dà kó kọjú sí òdìkejì, ẹ sún un wá sí ìdí ìlà yẹn, ẹ tún fà á. Tí ìlà méjèèjì bá gun ara wọn látòkèdélẹ̀, ó dáa. Tí wọ́n bá yà bí ẹnu àlùmọ́gàjí, kò dáa, ibi tí wọ́n fi jìnnà síra sì jẹ́ ìlọ́po méjì àṣìṣe skúẹ́à náà. Skúẹ́à tuntun tí èmi rà níbí náà ṣe bẹ́ẹ̀, mo dá a padà.

Tíṣà Tẹ̀kì:

@Ará Peckham ooto lẹ sọ. Mo jókòó, mo yà á sórí bébà, ó pàdé lóòótọ́ pẹ̀lú skúẹ́à tó wọ́. Gbogbo ọdún yìí, ìlà tó pàdé ni mò ń fi máàkì fún àwọn ọmọ. Láti tọ́ọ̀mù tó ń bọ̀ màá kọ́kọ́ dán skúẹ́à ilé ẹ̀kọ́ wò.

Ọmọ Òkòbàbà:

Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ skúẹ́à, ẹ ò tíì bi Àǹtí pé irú igi wo ni. Iṣẹ́ wa ni igi títà, bàbá mi ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. 2 by 2 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti sọ́mìlì dé, ara ẹ̀ rí wúruwùru, etí ẹ̀ ò tọ́, ibì kan nípọn ju ibì kan lọ. Tí ẹ bá gbé skúẹ́à tó dáa jù láyé tì í, ńṣe ló máa jókòó sórí gegele, tí wọ́n bá tún gbé e padà lẹ́ẹ̀kejì, á jókòó síbòmíràn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fá ojú kan àti etí kan kó dán, kó tó di pé wọ́n fọwọ́ kan pẹ́ńsùlù. Tí kò bá sí ìfági tó pọ̀, ẹ gbé gbogbo ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ ìfági, kò wọ́n. Ó lè jẹ́ 1¾ ló máa kù, kí wọ́n má fi ọkàn sí pé ínṣì 2 ni.

Ẹ lo igi tó funfun fún ìbẹ̀rẹ̀, afàrá tàbí arère. Ẹni tó bá ń fi pẹ́ńsùlù dúdú fàlà sórí ìrókò tàbí mansonia, kò ní rí nǹkankan, á máa fà á ní àfàtúnfà, á wá di ìlà mẹ́ta. Tó bá jẹ́ igi dúdú lẹ ní, ẹ lẹ péépà téèpù tàwọn oníkùn mọ́ ọn, kí wọ́n fàlà sórí ìyẹn. Arère rọ̀ ṣá, kí wọ́n má tẹ pẹ́ńsùlù mọ́ ọn jù, á lọ́ sínú.

Ọlọ́wọ́ Òsì:

Nǹkan kékeré kan. Nínú ènìyàn mọ́kànlá, ẹ wò ó bóyá ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì wà níbẹ̀. Ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́, apá ọ̀tún ni gbogbo wa ń kọ igi tá a fẹ́ gé dànù sí. Ọwọ́ mi ló wá ń bo ìlà, òjìji ọwọ́ mi náà tún ń bò ó, wọ́n ní aláìfarabalẹ̀ ni mí. Nígbà tí mo dá ibi iṣẹ́ tèmi sílẹ̀ mo kọ orí igi sápá òsì, mo jókòó kí fèrèsé wà lápá ọ̀tún mi, ó tán. Ọmọ tó ń sunkún yẹn, ẹ wo ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé.

Káfíńtà Bódìjà:

Ẹ̀yin ará, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ohun tí ayùn ń jẹ. Ìlà lè dáa kí gígé bà á jẹ́. Ayùn ọwọ́ ń jẹ tó mìlímítà kan ààbọ̀ sí méjì, ti iná ń jẹ bíi mẹ́ta. Kí wọ́n fi X sí apá tí wọ́n máa gé dànù, kí ẹnu ayùn wà nínú apá X yẹn, kí ìlà ṣẹ́kù sára igi tí wọ́n ń lò. Àwọn ọmọ mi máa ń gé gbogbo ìlà náà kúrò tán, wọ́n á ní "ọ̀gá, mo gé e lórí ìlà gan-an", bẹ́ẹ̀ igi ti kúrú. Kí wọ́n má sì sàmì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sára igi gígùn kan lẹ́ẹ̀kan náà láìfi àyè sílẹ̀ láàárín, torí ohun tí ayùn jẹ á ti ara ẹsẹ̀ kan jáde.

Bàbá, ẹ ní kí n má fún wọn lọ́bẹ, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti kúrò lórí àpótí tí wọ́n dé orí igi tí wọ́n ń kì bọ ihò, mi ò mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ fi pẹ́ńsùlù ṣe é kó má yọ̀.

Bàbá Olóòlù:

Ọmọ mi Bódìjà, tó bá di ti kíkì bọ ihò, mo gbà fún ọ. Kí wọ́n ṣá kọ́kọ́ fi í fẹ́rẹ́, kí wọ́n tó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá bá iṣan igi lọ, kí wọ́n fi ọ̀bẹ sílẹ̀, iṣan á fà á lọ síbi tó wù ú, géèjì, irinṣẹ́ tí a ń tì mọ́ etí igi tí ẹnu ṣóńṣó ẹ̀ ń ha ìlà, ni kí wọ́n lò níbẹ̀, kí wọ́n tì í lọ síwájú, kí wọ́n má wọ́ ọ wá sẹ́yìn.

Tíṣà, mo yọ téèpù mi jáde mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ yín. Òótọ́ lẹ sọ. Mo ti lu bíi mẹ́ta mọ́lẹ̀ láyé mi, mo sì máa ń rò pé ojú ògiri ni kò tọ́. Ẹ ṣeun.

Skúẹ́à tó bá wọ́, tó bá jẹ́ èyí tó jẹ́ irin pẹlẹbẹ kan náà tí wọ́n ń lò fún òrùlé, ẹ má jù ú nù. Ẹ gbé e lé irin, ẹ mú pọ́ńṣì àti òòlù. Tí igun ẹ̀ bá ti há jù, ẹ lu tóótó díẹ̀ súnmọ́ igun inú, irin á gbòòrò níbẹ̀, á ṣí. Tó bá ti ṣí jù, súnmọ́ igun òde ni kẹ́ ẹ lù ú. Lu díẹ̀, dán an wò, tún lu díẹ̀. Èyí tí orí ẹ̀ jẹ́ igi ò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Pákó tí ẹ ó fi dán an wò náà, etí ẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́ o, etí plywood tí ilé iṣẹ́ gé ló dáa jù, kì í ṣe èyí tí ọmọ iṣẹ́ gé.

Ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àpótí gan-an rèé, ó yà mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Kí ló dé tí wọ́n fi ń wọn ẹsẹ̀ mẹ́rin lẹ́ẹ̀mẹrin? Ẹ gé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ààbọ̀ ínṣì. Ẹ tò wọ́n pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ìdí wọn dọ́gba, ẹ fi kíláńpù dì wọ́n. Ẹ wọn ìkan ṣoṣo. Ẹ fa ìlà kan ṣoṣo kọjá lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí ìwọ̀n yẹn bá tiẹ̀ ṣìnà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ṣìnà bákan náà ni, àpótí ò ní mì. Tẹ́ ẹ bá sì ní àpótí mọ́kànlá láti ṣe, ẹ gé igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ sàmì gbogbo ìwọ̀n sára ẹ̀, kí kálukú máa gbé e lé igi tiẹ̀, bí télọ̀ ṣe ń gbé pátánì lé aṣọ. Téèpù á kúrò lọ́wọ́ wọn.

Àǹtí Pákó:

Ẹ̀yin ará, mo dé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n ròyìn Sátidé fún yín.

A ò gé igi kankan fún wákàtí àkọ́kọ́. Mo gbé skúẹ́à mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀ pẹ̀lú pákó MDF kan tí etí ẹ̀ ṣì wà bí ilé iṣẹ́ ṣe gé e, mo ní káwọn ọmọ fúnra wọn dán an wò bí Ará Peckham ṣe sọ. Méjì péré ló dáa. Mẹ́rin wọ́. Èyí tó burú jù, lórí ínṣì 6, ìlà méjèèjì fi three over sixteen jìnnà síra. Ọ̀kan náà tí ọmọbìnrin yẹn ti ń lò láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, torí òun ló máa ń kẹ́yìn dé, èyí tó bá ṣẹ́kù ló máa ń mú. Nígbà tó rí ìlà méjèèjì tó yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó wojú mi, èmi náà wojú ẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo wọn. Mo ti ń sọ fún un pé kó fara balẹ̀, èmi tí mo ra irinṣẹ́ ni mi ò yẹ irinṣẹ́ wò.

Ará Peckham, mo padà wo igi tí wọ́n ti gé tẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ẹ̀rún, apá kan náà ni ìlà ìparí ń bọ́ sí lára gbogbo ti ọmọbìnrin yẹn. Tàwọn méjì mìíràn ń lọ sọ́tùn-ún sósì, àwọn yẹn ni Ìyá Ìbejì àti Ọlọ́wọ́ Òsì tọ́ka sí: bàbá kan tó ti lé ní 50, kò rí òǹkà. Ó ti ra awò báyìí. Ẹnì kejì ń lo ọwọ́ òsì lóòótọ́, a ti yí tábìlì ẹ̀ sí fèrèsé.

A fá ojú kan àti etí kan, a di ẹsẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin pọ̀, pẹ́ńsùlù kọ́kọ́ sórí àmì, skúẹ́à wá bá a. Àpótí márùn-ún ló jókòó láìmì. Ti ìyókù, gígé ló kù, Káfíńtà, wọ́n ṣì ń jẹ ìlà.

Ìbéèrè kan ló kù. Iṣẹ́ tó kàn ni ṣẹ́ẹ̀fù, ojú pákó tá a fẹ́ lò fẹ̀ ní ínṣì 7, a fẹ́ pín in sọ́nà márùn-ún tó dọ́gba. 7 pín sí 5 ti ń fún àwọn ọmọ ní orí fífọ́, ọ̀kan ní 1.4 ni, kò sì sí 1.4 lórí téèpù.

Tíṣà Tẹ̀kì:

Ẹ má pín nǹkankan. Ẹ gbé rúlà lé pákó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí 0 wà ní etí kan, kí 10 wà ní etí kejì. Á bọ́ síbẹ̀ torí pé ó fì. Ẹ wá sàmì sórí 2, 4, 6, 8. Àmì mẹ́rin yẹn ti pín pákó sí márùn-ún dọ́gba, ìwọ̀n yòówù kó fẹ̀, tí kò bá ti ju ínṣì 10 lọ. Tí ẹ bá fẹ́ fà wọ́n gùn, géèjì látara etí tí ẹ ti sàmì sí.

Kí wọ́n gbé rúlà dúró lórí etí ẹ̀ kí òǹkà kan igi o, tó bá dùbúlẹ̀ tó sì nípọn, ẹni tó ń wò ó látẹ̀gbẹ́ á rí ibòmíràn. Kí wọ́n wò ó látòkè.

Àǹtí Pákó:

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìyànjú ẹ̀ lórí àjẹkù afàrá kan nílé, mo wá mú dífáídà ẹlẹ́nu ṣóńṣó méjì mo fi wọn àlàfo márààrún, ẹnu ẹ̀ bọ́ sínú gbogbo wọn láìyẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn ni màá jẹ́ kó fi han àwọn yòókù lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ ṣé gan-an ni. Bàbá, mo ń bọ̀ wá bi yín nípa pọ́ńṣì yẹn, ọ̀kan nínú àwọn skúẹ́à mẹ́rin ọ̀hún jẹ́ irin délẹ̀.